Ilẹ̀ tí a tẹ́ fún Màmá

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwé ìrántí yìí bẹ̀ wá pé kí a kọ ohun kan ránṣẹ́, èrò wa ni láti sọ nípa àwọn oríire tí a ti rí láti ìgbà tí a ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ìwé ìrántí tí ó ti jáde ṣáájú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá jókòó láti kọ ọ́, ilẹ̀ yàrá kan ni ọkàn wa ń lọ sí. Tọkọtaya ni àwa tí a ń kọ ìwé yìí. Kíláàsì kan náà ni a jókòó sí, ọdún kan náà ni a sì jáde. Ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ń gbé báyìí. Ẹ dárí jì wá bí a kò bá sọ èwo nínú wa ni ó ṣe èyí tàbí tọ̀hún nínú ìtàn yìí. A ti fẹnu kò pé àwa méjèèjì ni a jọ ṣe gbogbo rẹ̀.

Màmá tí wọ́n bí ọ̀kan nínú wa, tí wọ́n sì gba èkejì ṣe ọmọ, ti bẹ̀ wá wò lẹ́ẹ̀kan rí nígbà òtútù. Ìbẹ̀wò náà kò rọrùn fún wọn. Ilé wa, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní àdúgbò wa, jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tóóró. Òkè ni gbogbo yàrá ìbùsùn wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga. Orúnkún Màmá kò gba irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Rédíétọ̀ tí ń mú ilé móoru wà lára ògiri, ooru rẹ̀ a máa gòkè lọ bá àjà, ilẹ̀ a sì tutù bí òkúta inú odò. Ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni Màmá ń wọ̀ lé ara wọn. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, òtútù ìlú yín kì í gba ojú fèrèsé wọlé síni lára, àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó ń gbà.” Nígbà tí wọ́n padà sí Iléṣà, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí wa. A pinnu pé bí wọn yóò bá tún wá, ìsàlẹ̀ ni wọn yóò máa sùn, ilẹ̀ tí wọn yóò sì máa tẹ̀ yóò móoru.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé, ní ìsàlẹ̀, tí a ń kó ẹrù sí. Pákó ilẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà. A hú u kúrò, a gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn, a da kọnkéré sí i, a sì gba àwọn oníṣẹ́ láti ṣe èyí tí ó kù. Wọ́n tẹ́ fóòmù líle tí ó nípọn sórí kọnkéré náà, kí ooru má baà sá wọ inú ilẹ̀ lọ. Wọ́n wá tẹ́ páìpù oníke tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16 sórí fóòmù, ó lọ, ó bọ̀, bí ejò tí ó ká, láìsí ojú ìsopọ̀ kankan láàárín, nítorí páìpù tí ó bá ń jò lábẹ́ ilẹ̀, ìyọnu ńlá ni. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n rẹ́ yanrìn àti sìmẹ́ǹtì bò ó, ó nípọn tó mìlímítà 65. Omi láti inú bọ́ílà ni yóò máa gba inú páìpù náà kọjá, kò sì pọn dandan kí ó gbóná jù. Rédíétọ̀ ara ògiri sábà máa ń fẹ́ omi tí ó gbóná tó díígírì 60 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 35 sí 45 tó fún ti abẹ́ ilẹ̀, nítorí gbogbo ilẹ̀ yàrá ni ó di rédíétọ̀. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ a máa dáná kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gba abẹ́ ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ wọn, àwókù irú rẹ̀ sì wà ní ìlú Bath títí di òní. Àwọn ará Kòríà náà ní tiwọn láti ayébáyé, ondol ni wọ́n ń pè é.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n rẹ́ sìmẹ́ǹtì náà. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún Màmá: ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ni wọn yóò gúnlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọjọ́ méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí àárín wọn ni gbogbo ọ̀ràn wà. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò ni pé irú sìmẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ a máa gbẹ ní mìlímítà kan lóòjọ́ fún mìlímítà 50 àkọ́kọ́. Èyí tí ó bá lé ní 50, ìdajì mìlímítà ni lóòjọ́. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò yóò rí i pé mìlímítà 65 yóò gba ọjọ́ 80, ìyẹn bí ojú ọjọ́ bá dára. Ọjọ́ 80 yóò gbé wa dé ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá. Kì í ṣe pé a kò mọ ìṣirò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní ìṣirò mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó lè jáde lọ́wọ́ rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n. A kàn kò ṣe é ni. Ẹni tí ó rẹ́ sìmẹ́ǹtì náà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti le, a lè máa rìn lórí rẹ̀. Ó sọ pé ó ti le, àwa gbọ́ pé ó ti gbẹ.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé wọ́n ti kọ́ wa. Ẹ̀yin tí a jọ wà níbẹ̀ yóò rántí ilé iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà lẹ́yìn ilé ìjẹun, àti àwọn pákó tí olùkọ́ wa máa ń tò jọ sábẹ́ páànù rẹ̀, tí ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò lára èkejì kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá. Kò jẹ́ kí a fọwọ́ kàn wọ́n. Pákó mìíràn a lo ọdún kan gbáko níbẹ̀. Nígbà tí a bá ń kùn pé a fẹ́ kan àga wa kí sáà tó parí, yóò ní, “Igi yìí kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti gé òun.” Ẹ ó sì rántí ilẹ̀kùn ilé ìgbé, tí ó máa ń há nígbà òjò tí a ó fi máa fi èjìká tì í, tí yóò wá súnkì nígbà ọyẹ́ débi pé a lè yọjú wo ìta láàárín ilẹ̀kùn àti férémù. Ẹni tí ó ti fi èjìká ti irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, kò yẹ kí wọ́n tún máa sọ fún un pé igi ń mu omi.

Lámínéètì ni a yàn láti tẹ́ sórí sìmẹ́ǹtì náà. Kì í ṣe pákó gidi, bí ó tilẹ̀ jọ ọ́. Iléeṣẹ́ Perstorp ní ilẹ̀ Swídìn ni ó gbé e jáde, ní ìparí àwọn ọdún 1970. Wọn a lọ igi kúnná, wọn a fi àtè, ooru àti agbára tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí yóò fi le koránkorán, wọn a lẹ àwòrán pákó mọ́ ojú rẹ̀, wọn a sì fi ohun kan tí kò tètè ha bò ó. Ojú rẹ̀ kò bẹ̀rù omi púpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí pákó kan ti ń kọ́ mọ́ èkejì, ni omi ti ń ráyè wọlé. Ó sì yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn ilé ìgbé wa. Ilẹ̀kùn yẹn a wú, a sì padà sí bí ó ti wà. Lámínéètì tí ó bá ti mu omi tí ó wú, ó tán, kì í padà mọ́.

Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ni a tẹ́ ẹ, àwa àti àwọn ọmọ wa. Sìmẹ́ǹtì náà jẹ́ ọmọ ọjọ́ 40 péré. Kò sí èyí tí a kò fi ìfẹ́ ṣe nínú gbogbo àṣìṣe ọjọ́ náà. Kí ẹsẹ̀ Màmá lè rí ohun tí ó rọ̀ tẹ̀, a ra fóòmù ìtẹ́lábẹ́ tí ó nípọn jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù. Kí àlàfo má sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí idọ̀tí yóò máa kó sí, a gé àwọn pákó náà ṣe rẹ́gí mọ́ ògiri, ọwọ́ wa sì dán tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Ní ti ọ̀rá tí ó yẹ kí ó dí ọ̀rinrin mọ́ ìsàlẹ̀, a ní àjẹkù láti ara iṣẹ́ mìíràn. A tẹ́ ẹ ní ègé mẹ́ta, etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lé ara wọn, a kò sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ̀rọ ìmóoru náà kò tíì ṣiṣẹ́ rí. Ọjọ́ tí Màmá dé ni a kọ́kọ́ tan án, a sì tan án dé góńgó.

Màmá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e. Fún ìgbà díẹ̀ wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n wá ní, “Ṣé oòrùn ni ẹ rì mọ́lẹ̀ síbí ni?” Àdúrà tí wọ́n gbà fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà gùn. Àwọn ọmọ kó ìwé wọn wá síbẹ̀, orí ilẹ̀ yàrá ìyá àgbà ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí ooru kò bá tètè gòkè wá, nítorí fóòmù tí ó nípọn náà ń dá a dúró, a ó tún fi kún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ètè Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í là. Wọ́n ń fi òrí pa á. Wọ́n ní, “Ẹ ti gbé ọyẹ́ wọ inú ilé.” A rẹ́rìn-ín, a kò mọ̀ pé wọ́n ti sọ gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ tán. Afẹ́fẹ́ tútù tí ó ti ìta wá, nígbà tí a bá mú un móoru, a máa gbẹ gẹ́gẹ́ bí ti ọyẹ́. Nítorí náà ojú pákó ń gbẹ láti òkè. Ní ìsàlẹ̀, ooru tí a tàn dé góńgó ń lé omi tí ó ṣì wà nínú sìmẹ́ǹtì gòkè wá, omi náà sì ń gba àárín ègé ọ̀rá mẹ́ta náà wọ inú pákó. Ọyẹ́ lókè, òjò nísàlẹ̀, pákó tí ó wà láàárín wọn kò nípọn ju mìlímítà 8 lọ.

Nígbà tí oṣù Kọkànlá ń parí lọ, ẹ̀gbẹ́ àwọn pákó kan bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nítorí pé a kò fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pákó tí ó wú kò rí ibi sún sí àfi òkè. Nítòsí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, lójú ọ̀nà ilẹ̀kùn, pákó méjì forí kọ́ra, wọ́n gbéra sókè bí òrùlé ilé ọmọdé. Àwa kò rí i. Màmá rí i. Wọ́n gbé àga wọn lé ibẹ̀, wọ́n sì ń yà fún un fún ohun tí ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan, láìsọ ohunkóhun. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Ẹ náwó, ẹ nára. Ṣé èmi ni mo tún fẹ́ wá máa tọ́ka àlébù sí i?”

Ní ìdájí ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, wọ́n dìde láti gbàdúrà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ti gbé àga náà kúrò lálẹ́, ó fi mú nǹkan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò dá a padà. A gbọ́ ìró náà láti òkè. Ọwọ́ ọ̀tún ni Màmá nà láti fi gbá ilẹ̀ mú, ọrùn ọwọ́ náà sì ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi wà nínú POP.

A jókòó ní ilé ìwòsàn láti ìdájí títí di ọ̀sán. Àwa méjèèjì kò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ń wá inú ara rẹ̀ kiri bóyá yóò rí ibi tí ó ti sọ fún èkejì pé kí a ní sùúrù. Kò sí ẹni tí ó sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a hú gbogbo rẹ̀. Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ni ó kọ́kọ́ kọlù wá. Fóòmù náà rin gbingbin níbi tí etí ọ̀rá ti pàdé, ẹ̀gbẹ́ àwọn pákó sì wú bí búrẹ́dì tí a rì bọ tíì. A kó wọn lọ sí ibi ìdalẹ̀nù nínú ọkọ̀ wa, a lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn kan bi wá pé ṣé a kò ní gba owó padà lọ́wọ́ ẹni tí ó rẹ́ sìmẹ́ǹtì. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Ohun tí ó sọ ni a kò gbọ́.

Láti ìgbà náà ni a ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ó yẹ kí a ti kà tẹ́lẹ̀. Ìlànà kan wà tí ilẹ̀ Yúróòpù ń lò fún irú iṣẹ́ yìí, EN 1264 ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí sìmẹ́ǹtì ti pé ọjọ́ 21, ó kéré tán, kí a tó tan ìmóoru sí i rárá. Kí a fi omi tí kò ju díígírì 20 sí 25 bẹ̀rẹ̀ fún ọjọ́ 3. Kí a wá gbé e dé ibi tí ó ga jù lọ tí a ṣe é fún, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 4. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí a tó tẹ́ ohunkóhun sórí rẹ̀. Bí a ti ṣe é nìyẹn. A ṣí fèrèsé díẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde, a sì gbé bẹ́ẹ̀dì Màmá lọ sí pálọ̀. Àwọn ọjọ́ tí a ti fi pákó bo ilẹ̀ náà kò wọ inú ìṣirò. Àfi kí a tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Kíkà náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ojú tàbí ti ẹsẹ̀. Ohun èlò kan wà, àpótí kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pinpin kí afẹ́fẹ́ yàrá má lè wọ inú rẹ̀, tí ẹ̀rọ tí ń wọn ọ̀rinrin wà níbẹ̀. A ó pa ìmóoru, ilẹ̀ yóò tutù, a ó sì fi àpótí náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ó lé kí a tó wò ó. Bí ó bá fi ju ìdá 75 nínú 100 lọ, ilẹ̀ kò tíì gbẹ tó láti gba lámínéètì. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, 86 ni a rí. Màmá gba iṣẹ́ náà mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn ni wọ́n ń yọjú wo àpótí, àwọn ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nọ́ńbà náà ń wọ́ bí ti ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé. 86. 81. 78. Ní ọjọ́ tí ó di 75 gééré, a ti gbé téèpù àti ayùn jáde. Màmá ní kí a dá wọn padà. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kó tún lọ sílẹ̀ sí i. Èmi kì í ṣe àlejò mọ́ tí ẹ ó máa sáré tẹ́ní fún.”

Ní àkókò yìí kan náà ni wọ́n béèrè ohun tí a kò rí èsì gidi fún. Wọ́n fẹ́ràn láti máa lọ jókòó nínú yàrá òfìfo náà nígbà tí ìmóoru bá wà ní títàn, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé sìmẹ́ǹtì lásán. Wọ́n ní kí ló dé tí a kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a fi pólíìṣì pupa kùn ún, kí ó máa dán bí ti ilé wọn ní Iléṣà. Àwa náà rántí àárọ̀ Sátidé ní ilé-ẹ̀kọ́, tí a ó kúnlẹ̀ ní ìlà pẹ̀lú àkísà àti agolo pólíìṣì, tí orúnkún gbogbo wa yóò pupa. Kí a má purọ́, ohun tí Màmá sọ bọ́gbọ́n mu. Sìmẹ́ǹtì, òkúta àti táìsì ni wọ́n ń gbé ooru jáde jù; igi a máa dá ooru dúró. Ṣùgbọ́n táìsì le, ó sì ń yọ̀ bí omi bá kán sí i, ẹni tí ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan lórí iṣẹ́ ọwọ́ wa kò tún gbọdọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ 31 oṣù Kínní, 72. Màmá ní, “Ó yá.”

Lẹ́ẹ̀kejì yìí, a lo ọ̀sẹ̀ kan lórí ohun tí a fi ọjọ́ kan ṣe tẹ́lẹ̀. A ra lámínéètì tí àwọn tí ó ṣe é kọ sára páálí rẹ̀ pé ó bá ìmóoru abẹ́ ilẹ̀ mu, a sì tẹ́ àwọn páálí náà sílẹ̀ gbalaja nínú yàrá fún wákàtí 48 láìṣí wọn, kí pákó lè mọ afẹ́fẹ́ ibi tí yóò máa gbé. Ní ti fóòmù, a kọ́ ohun kan tí ó yà wá lẹ́nu. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní tog, tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ti ń dá ooru dúró tó. Òun náà ni wọ́n ń kọ sára aṣọ ìbora tí wọ́n ń tà ní ọjà. Ìbora ìgbà òtútù a máa tó 13.5. Fún ilẹ̀ oní-ìmóoru, pákó àti ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pa pọ̀ kò gbọdọ̀ ju 1.5 lọ. Fóòmù tí a kọ́kọ́ rà fún Màmá, ìbora ni a fi bo iná wọn mọ́lẹ̀. Èyí tí a rà lẹ́yìn náà tín-ín-rín, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ tí ooru ń gbà.

A ra ọ̀rá tuntun. A fi etí ọ̀kan lé èkejì ní mìlímítà 200, a fi téèpù lẹ gbogbo ojú ìpàdé, a sì jẹ́ kí ó gun ara ògiri díẹ̀. A dín ooru ilẹ̀ kù sí díígírì 18 kí a tó bẹ̀rẹ̀. A há igi pẹlẹbẹ kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yí yàrá ká, kí àlàfo mìlímítà 12 lè wà níbi gbogbo, àti lẹ́nu ọ̀nà, àti níbi tí páìpù ti yọ jáde. Ibi tí páìpù ti yọ yìí nìkan gba ọ̀sán kan lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a bá kan pákó ẹsẹ̀ ògiri, yóò bo àlàfo náà. Ara ògiri ni a sì kàn án mọ́, kì í ṣe ara ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ gbọdọ̀ lè sún lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a parí, a kò fọwọ́ kan ìmóoru fún ọjọ́ méjì. A wá ń gbé e sókè ní díẹ̀díẹ̀, díígírì kan tàbí méjì lóòjọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú ilẹ̀ tí ń ṣọ́ ọ kí ojú pákó má ṣe kọjá díígírì 27. Àwọn ará ìjọ fi rọ́ọ̀gì tí ó nípọn ta Màmá lọ́rẹ. A dúpẹ́, a sì ká a sókè. Ibi tí rọ́ọ̀gì bá bò, ooru a dì síbẹ̀. Ẹní tí wọ́n gbé bọ̀ láti ilé ni wọ́n tẹ́, òun fẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin òbí àti akẹgbẹ́ wa tí ẹ wà ní ilé lè máa wò ó pé kí ló kàn yín nínú ìmóoru abẹ́ ilẹ̀. Ooru kò wọ́n yín. Ṣùgbọ́n a rí i pé lámínéètì ti gba ilé púpọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn, a sì máa ń gbọ́ pé wọ́n rẹ́ sìmẹ́ǹtì lóṣù yìí, wọ́n tẹ́ pákó lóṣù yìí kan náà nítorí pé ìṣílé ti sún mọ́lé. Kò sí ìmóoru tí yóò lé omi jáde kíákíá fún yín, nítorí náà ó lè pẹ́ kí ìyà rẹ̀ tó hàn. Ẹ bi ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún yín pé níbo ni ó fi àlàfo sí, kí ẹ sì ní kí ó ṣí etí kan kí ẹ rí ọ̀rá.

Wọ́n ti tú POP Màmá kí a tó parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ṣì le. Ẹni tí ń tọ́jú wọn ní kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá fún un, kí wọ́n máa tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí ohun tí ó tẹ́jú kí wọ́n sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tábìlì ni ó ní lọ́kàn. Màmá ní tábìlì tutù. Nítorí náà, ní àràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, wọ́n a fà ara wọn wá sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n a bẹ̀rẹ̀, wọ́n a tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún náà sórí ilẹ̀, gan-an ní ibi tí pákó méjì náà ti gbéra sókè nígbà kan. Àwa méjèèjì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wo wọ́n, a kì í sì í wọlé.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n padà sí Iléṣà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pè wá. Kí wọ́n tó béèrè àwọn ọmọ, wọn yóò ní, “Ilẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì sùn?”

“Ó sùn, Màmá.”

“Ẹ bá mi kí i.”